Ta Ló Mu Epo ní Òkè Jókòósinmi?

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dáhùn ná: bí epo bá wà nínú ọkọ̀, tí táǹkì ọkọ̀ náà kò jò, tí wọ́n fi àgádágodo ti ìdérí rẹ̀, síbẹ̀ tí epo ń gbẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ta ni ẹ rò pé ó mu ún? Ẹ má tíì kánjú. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti dáhùn ìbéèrè yìí rí ní ìlú Òkè-Amọ̀, ìdáhùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ arúgbó kan jẹ́.

Ilẹ̀ Èkìtì ni Òkè-Amọ̀ wà, ní orí òkè fíofío. Ìkòkò ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń mọ. Ìkòkò wà lókè, ṣùgbọ́n amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ọ́n wà nísàlẹ̀, létí odò Ẹ̀lúlù, máìlì méjìlá sí ìlú. Ìdajì ọ̀nà náà tẹ́jú, ìdajì kejì sì jẹ́ òkè tí wọ́n ń pè ní Jókòósinmi. Láyé àtijọ́, orí ni wọ́n fi ń ru amọ̀ náà. Òkúta ńlá kan wà láàárín òkè. Ẹni tó bá ru ẹrù dé ibẹ̀ lè sọ̀ ọ́, kó jókòó sinmi, kó fi ewé tútù kan lé òkúta náà lórí, kó tó tún gbéra. Bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kọjá òkúta náà láìfi ewé lé e.

Ogójì ọdún ni Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀kòkò náà, fi ru amọ̀ gun òkè yìí kí ẹgbẹ́ amọ̀kòkò tó para pọ̀ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà wọ̀lú, àwọn obìnrin jó títí gèlè fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n sọ òṣùká sínú igbó, wọ́n ní ó dìgbóṣe. Wọ́n fi Adégòkè, ọkọ ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ tó jẹ́ olórí wọn, ṣe awakọ̀. Ọmọkùnrin gìrìpá ni, kì í mutí, kì í purọ́, kì í jí nǹkan oní-ǹkan, àfi pé ó fẹ́ràn ariwo ẹ́ńjìnnì bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà. Ọkọ Àwẹ̀ró, Bàbá Fátìmílẹ́yìn, ni wọ́n fi ṣe ọdẹ tí ń ṣọ́ ọkọ̀ náà lóru nínú ọgbà tí wọ́n ń gbé e sí.

Nǹkan ń lọ dáadáa títí epo fi wọ́n. Àkókò dé tí ènìyàn ń tò láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn fi ń wọ̀ kó tó rí kẹ́ẹ̀gì kan gbé wálé. Nígbà náà ni àwọn obìnrin wá ń fojú sí bí epo ṣe ń lọ. Sákàríyáù mẹkáníìkì, tó mọ ọkọ̀ náà láti ọwọ́ ẹni tó tà á fún wọn, sọ pé epo tó wà nínú táǹkì yẹ kó gbé amọ̀ gòkè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kò gbé e ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ. Wọ́n yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, ilẹ̀ gbẹ. Wọ́n fi àgádágodo ti ìdérí táǹkì, epo ṣì ń dínkù. Ẹnì kan wá lọ rí rọ́bà gígùn kan tí wọ́n ká sẹ́yìn ilé Bàbá Fátìmílẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Bàbá ṣàlàyé pé òun fi rọ́bà náà ń fa omi láti inú dúróòmù sórí amọ̀ ìyàwó òun ni, kí amọ̀ má baà gan. Ta ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ní ẹni tó ń fa omi lè fa epo. Obìnrin kan tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo, ó ní abájọ tí ikọ́ fi fi Bàbá sílẹ̀ lọ́dún yìí, bẹntiróòlù ti fọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dá ọjọ́ mẹ́rin: ní ọjọ́ ìsunkòkò, nígbà tí gbogbo ìlú bá péjọ sídìí iná, Bàbá Fátìmílẹ́yìn yóò dá kọ́kọ́rọ́ ọgbà padà, yóò sì gbé rọ́bà náà kọ́rùn yí ọjà ká.

Bàbá délé, kò jẹun. Àwẹ̀ró gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ títí ó fi tutù.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "ọdún méjìléláàádọ́rin ni mo fi kọ́ orúkọ yìí. Rọ́bà ni wọ́n fẹ́ fi wó o."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Kì í ṣe obìnrin tí í sunkún lórí ohun tí ọwọ́ lè tún ṣe. Ilẹ̀ mọ́, ó di ìró rẹ̀ le, ó sì lọ bá Ìyá Ẹgbẹ́ ní ẹnu ilé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dán nǹkan kan wò kí wọ́n tó dójú ti àgbà. Kí wọ́n yọ táǹkì kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Kí Sákàríyáù so kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n di amọ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń dì í, kí Adégòkè wá a láti etí odò dé ìlú ní ọ̀sán gangan. Òun Àwẹ̀ró ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé itan lójú gbogbo ayé. Sákàríyáù ti sọ pé lítà márùn-ún tó, ó sì tún ṣẹ́kù.

Ìyá Ẹgbẹ́ wò ó lọ wò ó bọ̀. "Bí epo náà bá tó, ṣé o mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

"Mo mọ̀, Ìyá Ẹgbẹ́. Á jẹ́ pé ọkọ mi ló ń jí i. Èmi fúnra mi ni n óò gbé rọ́bà náà kọ́ ọ lọ́rùn."

Ìròyìn yìí gba ìlú kan bí iná ọyẹ́. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ìyànà tó wà lójú òkè kún fún èrò. Àwọn kan gun igi. Àwọn kan gbé àpótí ìjókòó wá. Nísàlẹ̀ létí odò, Sákàríyáù ti fi rọ́bà tín-ín-rín funfun kan, irú èyí tí ènìyàn ń rí inú rẹ̀ kedere, fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì gba abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wọ ẹ́ńjìnnì. Ó kìlọ̀ pé ẹni tó bá tan sìgá nítòsí, òun á fi sípánà ṣí i lórí. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó gbá kẹ́ẹ̀gì mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Adégòkè ṣáná sí i, ọkọ̀ bú ramúramù, ó di eré. Ó wà á bó ṣe máa ń wà á gan-an, nítorí kò ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́. Ó sáré ní ilẹ̀ títẹ́jú, ó dé ìdí òkè, ó dúró gbọnrangandan láti bu omi sí ẹ́ńjìnnì àti láti kí àwọn ojúlùmọ̀. Ó tún gbéra láti ojú kan náà, ó tẹ irin ìsáré mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ ọkọ̀ fi dún. Lọ́rì agégẹdú kan ń rá níwájú. Adégòkè sáré lọ lẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó tẹ bíréèkì, ó tún sáré, ó tún tẹ bíréèkì. Nígbà tó dé ibi òkúta, ó dúró lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ewé lé òkúta lórí bí àwọn baba ńlá ti ń ṣe, ó padà wọkọ̀, ó sì tún fi ariwo gbé e kúrò lójú kan. Ọkọ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ojú Àwẹ̀ró wà lára rọ́bà funfun yẹn. Ìgbàkígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún Adégòkè bá wálẹ̀, epo inú rọ́bà a sáré bí eku tó rí ológbò. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, a rọra. Ó wo rọ́bà, ó wo ẹsẹ̀. Ó tún wo rọ́bà, ó tún wo ẹsẹ̀.

Ìyànà méjì ló kù kí wọ́n dé ìlú, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ìyànà Ọ̀pẹ, nígbà tí ọkọ̀ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tó sì kú. Kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ táútáú. Wọ́n ní láti wá òṣùká kiri inú igbó kí wọ́n tó ru amọ̀ yòókù wọ̀lú.

Ẹnu ya gbogbo ènìyàn. Kẹ́ẹ̀gì kò kúrò lórí itan Àwẹ̀ró, ojú ọ̀sán ni, Bàbá Fátìmílẹ́yìn sì wà láàárín Ìyá Ẹgbẹ́ àti mẹkáníìkì ní gbogbo àkókò náà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ní òun ló mu epo. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnu ìlú í sinmi? Wọ́n ní tí kì í bá ṣe ọdẹ, á jẹ́ pé òkè ni. Wọ́n ní Jókòósinmi ń bínú nítorí pé wọ́n kò fẹsẹ̀ gùn ún mọ́, òun gan-an ló ń mu epo wọn. Àwọn mìíràn ṣì ń yọ́ ọ sọ lábẹ́ ẹnu pé ọdẹ lè ti bá òkè mulẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ohun tó kù ni kí wọ́n ta ọkọ̀, kí oníkálùkù padà sídìí òṣùká rẹ̀, kí Bàbá sì lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi mọ òtítọ́.

Àwẹ̀ró rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, àbùkù ò ní kúrò lára ọkọ òun láé. Òkè ò lè jẹ́jọ́, arúgbó nìkan ló wà nílẹ̀ láti jẹ ẹ́. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, kẹ́ẹ̀gì kan náà, ẹrù kan náà, awakọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí òun bá ní kí awakọ̀ ṣe ni kó ṣe.

Adégòkè rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti wa ọkọ̀ rí?"

"N kò wà á rí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo ti gun òkè yìí ju ọkọ̀ rẹ lọ."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Adégòkè díẹ̀, ó sì gbà.

Ọjọ́ ìsunkòkò gan-an ni wọ́n tún fi lọ sétí odò. Lókè, wọ́n ti to ìkòkò jọ, wọn kò tíì fi iná sí i. Gbogbo ojú wà lọ́nà. Bàbá Fátìmílẹ́yìn jókòó sórí àpótí, kọ́kọ́rọ́ ọgbà wà lọ́wọ́ rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ejò tó ń sùn.

Kí wọ́n tó gbéra, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n bu omi sí ẹ́ńjìnnì létí odò, kí wọ́n má baà dúró nídìí òkè. Ó já ewé tútù kan, ó dì í mú. Wọ́n gbéra. Ilẹ̀ títẹ́jú, ó ní kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí òkè yọ lókèèrè, ó fi ìgúnpá kàn án.

"Mú un yá díẹ̀ nísinsìnyí. A kì í dé ìdí òkè tán ká tó máa wá agbára."

Adégòkè mú un yá, eré tó mú bọ̀ láti ilẹ̀ títẹ́jú gbé ọkọ̀ dé ìyànà kìíní láìwúwo. Àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ na ọwọ́ pé kó dúró, Àwẹ̀ró bá a kí wọn láti ojú fèrèsé. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Àwẹ̀ró ní ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́, kó gé ìgbésẹ̀ kúrú. Adégòkè béèrè ohun tó ń jẹ́ ìgbésẹ̀ ọkọ̀.

"Ìwọ lo mọ orúkọ rẹ̀. Èyí tí yóò fi rìn jẹ́jẹ́ láìmí gúlegúle."

Ó yí jíà sí èkejì kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkọ̀ fara balẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tẹ irin mọ́lẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, epo a fò nínú kẹ́ẹ̀gì lórí itan Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró a sì ní, "Ẹsẹ̀ rẹ," Adégòkè a sì gbé e sókè díẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyẹn: "Ẹsẹ̀ rẹ." "Mo gbọ́, Màmá." "Ẹsẹ̀ rẹ." "Mo ti gbọ́, Màmá." Lọ́rì agégẹdú tún wà níwájú. Àwẹ̀ró ní kó fi àlàfo sílẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé ẹlẹ́rù gòkè kì í rìn sídìí rẹ̀, torí bí tọ̀hún bá dúró, tìrẹ náà dúró, agbára tí ènìyàn sì fi ń gbéra lójú òkè ju èyí tó fi ń rìn lọ. Lọ́rì ń rá, àwọn náà ń rọra tẹ̀lé e, títí lọ́rì fi yà fún wọn. Wọn kò tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Òkúta yọ. Èrò tó wà níbẹ̀ dìde. Ẹsẹ̀ Adégòkè ti ń lọ sórí bíréèkì.

"Má dúró," ni Àwẹ̀ró wí.

"Màmá, òkúta ni o. A ò gbọdọ̀ kọjá láìfi ewé lé e."

"Ta ló ní ká má fi ewé lé e? Ewé ni òkúta ń fẹ́, kò ní ká dúró. Aboyún àti ẹni tó ń ṣàìsàn ló ń jókòó níbẹ̀ nígbà tiwa. Ogójì ọdún ni mo fi ń ju tèmi lé e tí mo sì ń kọjá."

Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ju ewé náà. Ewé yí lójú afẹ́fẹ́, ó bà lé orí òkúta gẹ́lẹ́. Èrò hó yèè, àwọn mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá tẹ̀lé ọkọ̀.

Lẹ́yìn òkúta, ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè ìkẹyìn. Àwẹ̀ró rí i tí Adégòkè ń já jíà sílẹ̀, ọkọ̀ sì tú lára bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣe. Adégòkè ní òun fi í sí fíríì ni, kí epo má baà jó. Àwẹ̀ró ní ẹni tó bá tú ara sílẹ̀ ní ìsọ̀kalẹ̀ ni ẹrù ń gbé ṣubú. Kó jẹ́ kí orúnkún ọkọ̀ dì í mú, ṣùgbọ́n kó gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Adégòkè dá a padà sí jíà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò. Àwọn méjèèjì wo rọ́bà funfun. Ọkọ̀ ń lọ, epo inú rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Kí ìsọ̀kalẹ̀ tó tán, Àwẹ̀ró ò tíì sọ̀rọ̀ tí Adégòkè fúnra rẹ̀ ti mú un yá díẹ̀ fún òkè tó kù.

Ìyànà Ọ̀pẹ dé, ibi tí ọkọ̀ kú sí lọ́jọ́ kìíní. Àwẹ̀ró kò fẹ́ wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wò ó. Epo ṣì wà. Wọ́n kọjá Ìyànà Ọ̀pẹ. Wọ́n kọjá ìyànà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí òrùlé ilé yọ, Adégòkè rọra gbé ẹsẹ̀ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, eré tó kù lára ọkọ̀ sì gbé wọn dé ojú ọjà, gẹ́rẹ́, láìpariwo.

Àwẹ̀ró sọ̀kalẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà sójú oòrùn kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ìdá mẹ́ta epo, ìdá kan ṣì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin pariwo ayọ̀, wọ́n gbé Bàbá Fátìmílẹ́yìn sókè tòun ti àpótí, títí ó fi ń bẹ̀ wọ́n pé egungun òun ti gbó. Obìnrin tó fi ikọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ wá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ọjà dákẹ́. Ó ní ọkọ̀ kan náà ni, ẹrù kan náà, òkè kan náà, ọdẹ kan náà. Nígbà náà, kí wọ́n sọ fún òun, ta ló ń mu epo wọn láti ọjọ́ yìí?

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró, Àwẹ̀ró sì wo ibòmíràn, nítorí kò fẹ́ dójú ti ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ dójú ti ọkọ òun. Adégòkè fúnra rẹ̀ ló jáde síwájú. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú Bàbá Fátìmílẹ́yìn, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀ náà sí arúgbó. Bàbá wò ó títí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú rọ́bà tí wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ọ lọ́rùn, ó sì rọra fi so ọrùn ẹsẹ̀ awakọ̀ náà.

Láti ọjọ́ náà ni àgbà, bó bá rí ẹni tó ń wá olè kiri nígbà tí òfò wà lọ́wọ́ òun tìkára rẹ̀, fi ń pa á lówe pé: òkè kò mu epo, ọdẹ kò mu epo, ẹni tó mu epo ni ẹsẹ̀ awakọ̀.